Ẹ Bi Àǹtí Oníkẹ̀kẹ́: Ọ̀nà Tuntun Nígbà Ooru

Lẹ́tà yín ti ga lórí tábìlì mi bí òkìtì ọ̀gán. Èmi náà ni mo fà á. Mo ti sọ fún yín pé mo fẹ́ lo ìgbà ooru èṣí láti fi kẹ̀kẹ́ tọ ọ̀nà mọ́kànlá tí táyà mi kò tẹ̀ rí ní gúúsù Wales. Mẹ́sàn-án ni mo rí tọ̀. Ọ̀kan, wọ́n ti dí i kí n tó dé; ìkejì, òjò àti atẹ́gùn lé mi padà sí ibùdókọ̀ ojú irin, mo jókòó, mo mu tíì, mo wọlé lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ mí, ọmọ Ìdànrè ni mí. Cardiff ni mò ń gbé, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, mo sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì kí n tó fi kẹ̀kẹ́ wọ igbó fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹ má retí ọ̀rọ̀ akọni lẹ́nu mi. Lẹ́tà márùn-ún ni àyè gbà lóṣù yìí.

*

*Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí. Ọdún méjì rèé tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ ní igbó Cwmcarn, ọ̀nà Twrch nìkan. Mo ti mọ òkúta ibẹ̀ lórúkọ. Mo fẹ́ rí ibòmíràn nígbà ooru yìí, ṣùgbọ́n n kò ní mọ́tò, ọjọ́ méjì péré ni mo sì ń sinmi lọ́sẹ̀. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?*
*Ọmọ Èkìtì, Newport*

Ọmọ Èkìtì, ẹni tó bá ti mọ òkúta Twrch lórúkọ ti kúrò lọ́mọdé. Fún ẹ̀yin tí ẹ ń bá wa kà á: àwọ̀ ni wọ́n fi ń pín ọ̀nà kẹ̀kẹ́ inú igbó níbí. Àwọ̀ ewé ni ti ìdílé àti ọmọdé, búlúù ni ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n gùn, pupa ni ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ bíréékì, dúdú ni ti ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Pupa ni Twrch, gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 15. Ìmàdò ni orúkọ náà túmọ̀ sí lédè Wales. Bó o bá rí bí ọ̀nà náà ṣe ń tú ilẹ̀ láàrin gbòǹgbò igi, o ó mọ̀ pé wọn kò ṣì í sọ lórúkọ.

Àmọ́ pupa ibì kan kì í ṣe pupa ibòmíràn. Èmi kò mọ̀. Mo ti gba pupa Cwmcarn títí ó fi di ojú ilé fún mi, mo wá fi ìgboyà yẹn wọ pupa ibòmíràn. Ìgbọ̀nwọ́ mi òsì ló san owó ilé-ẹ̀kọ́.

Ní ti mọ́tò, má jẹ́ kó dùn ọ́. Èmi náà kò ní. Mo tẹ́ máàpù ọkọ̀ ojú irin sórí bẹ́ẹ̀dì, mo wò ó títí, mo rí i pé àwọn àfonífojì gúúsù Wales dà bí ìka ọwọ́ tí ènìyàn tẹ́ sílẹ̀, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wá wà létí òkun. Ojú irin wọ inú púpọ̀ nínú wọn, nítorí èédú ni wọ́n ṣe là á nígbà náà, kí wọ́n lè kó o sọ̀ kalẹ̀ wá sí èbúté Cardiff, Barry àti Newport. Iṣẹ́ èédú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ibi tí wọ́n ti hú irin kúrò ti di ọ̀nà kẹ̀kẹ́, ibi tí irin ṣì wà ló ń gbé wa lọ. Ṣáà wo àkókò tí wọ́n ń gba kẹ̀kẹ́ wọ ọkọ̀ kó o tó kúrò nílé, torí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń wọ́, wọ́n lè dá ọ dúró.

Taff Trail ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀nà tó ń dẹ́rù bani. Máìlì 55 ni láti etí omi Cardiff dé Brecon. Ó kọjá lábẹ́ ilé olódi Castell Coch, ó gba Pontypridd, ó gba Merthyr Tydfil. Ọjọ́ méjì ni mo fi tọ̀ ọ́, mo sùn sí Merthyr. Ohun tí mo rí gbà níbẹ̀ ni pé mo mọ bí agbègbè náà ṣe tò: ibi tí odò gbà, ibi tí òkè gbé dúró, ìlú wo ni mo lè sá wọ̀ bí òjò bá ká mi mọ́. Nígbà tí mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́tùn-ún yà sósì, n kò ṣìnà mọ́ bí àlejò.

Lójú ọ̀nà yẹn ni mo ti yà sí ọgbà kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́bàá Merthyr, BikePark Wales, tí wọ́n ṣí ní 2013 nínú igbó Gethin. Owó ni ibẹ̀ o. Bó o bá san ti ọkọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á kó ìwọ àti kẹ̀kẹ́ rẹ gun orí òkè, wọ́n á sọ yín kalẹ̀ síbẹ̀, kí o máa yí bọ̀ nísàlẹ̀. Mo bá àwọn ọmọ tí mo lè bí wọ ọkọ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn bi mí tìwàtìwà bóyá ọmọ mi ni mo wá mú. Mo ní rárá, mo wá gùn ún ni. Ó ní, "Ó dáa, mà," ó sì sún fún mi.

Ìgbà mẹ́ta ni mo gba búlúù ibẹ̀ kí n tó wo pupa lójú. Bí mo ṣe ń ṣe níbi gbogbo nìyẹn láti ìgbà tí ìgbọ̀nwọ́ ti dùn mí: ojú ni mo fi ń gba ọ̀nà tuntun nígbà àkọ́kọ́. Mò ń dúró, mò ń sọ̀ kalẹ̀, mò ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ wo ohun tó wà lẹ́yìn òkìtì. Nígbà kejì ni mo tó jẹ́ kí táyà yí. Ìgbà kẹta ni mo ń gbádùn ara mi. Nítorí náà, fún ọjọ́ ìsinmi rẹ méjèèjì, ọ̀nà kan ló tó, kì í ṣe méjì. Ọjọ́ kìíní láti wò ó, ọjọ́ kejì láti gùn ún.

Igbó Afan ló gbà mí lọ́kàn jù. Sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Port Talbot Parkway, kí o gba ojú irin àtijọ́ tí wọ́n ti sọ di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ gòkè lọ, nǹkan bíi kìlómítà 10. Nígbà tí o bá fi máa dé ọgbà igbó náà, ẹsẹ̀ rẹ á ti gbóná. Ilé ohun àtijọ́ àwọn awakùsà èédú wà níbẹ̀. Òjò ló lé mi wọ̀ ọ́, wákàtí kan gbáko ni mo sì lò. Nígbà tí mo jáde, igbó tí mo fẹ́ wọ̀ ti yí padà lójú mi: mo mọ̀ pé abẹ́ ilẹ̀ tí mò ń gùn kọjá, àwọn ènìyàn ti fi orúnkún rákòrò níbẹ̀. Ọ̀nà Y Wal ni kí o kọ́kọ́ gbà, pupa ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "ògiri náà". Ibì kan wà tó tín-ín-rín lára òkè bí okùn, tí àfonífojì ṣí sílẹ̀ lápá kan. Má wò ó nígbà tí kẹ̀kẹ́ ń yí. Dúró kí o tó wò ó.

Afan náà ni mo ti pàdé ọ̀nà tí wọ́n dí. Mo jí láago márùn-ún, mo wọ ọkọ̀, mo gun òkè, mo bá pátákó pupa. Inú bí mi, kí n má purọ́. Ohun tó fà á ni àrùn kan tó ń pa igi larch, *Phytophthora ramorum*, tí wọ́n rí lára igi náà ní Wales ní 2010. Bí àrùn náà bá wọ ibì kan, gígé ni wọ́n ń gé igi ibẹ̀ lulẹ̀, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó bá wà láàrin wọn á sì di títì títí tí wọn ó fi kó igi náà tán. Èyí tó kàn wá níbẹ̀ ni pé ẹrẹ̀ ara táyà àti ti bàtà lè gbé àrùn náà láti igbó kan dé èkejì. Bó o bá ń lọ ibi tuntun lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, fọ kẹ̀kẹ́ rẹ kó o tó kúrò nígbó tàbí kó o tó dé òmíràn. Kó o sì wo ìròyìn ọ̀nà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kì í ṣe nígbà tí o ti dé ẹnu pátákó bíi tèmi.

Èyí tí mo fi parí ni The Gap, ní àwọn òkè Bannau Brycheiniog tí gbogbo wa ti ń pè ní Brecon Beacons. Kò sí àwọ̀ kankan níbẹ̀, kò sí òpó tó ń tọ́ ọ sọ́nà ní gbogbo ìkòríta. Máàpù àti ojú rẹ ni. Mo sọ̀ kalẹ̀ ní Abergavenny, mo gba títì lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò Usk dé Talybont, mo sùn síbẹ̀. Yíyípo rẹ̀ láti ibẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 40. Ọ̀nà Brinore ni mo fi gòkè, níbi tí ẹṣin ti ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù èédú àti òkúta ẹfun láti 1815. Àwọn òkúta tí wọ́n to irin lé ṣì wà nílẹ̀, ihò wà lára wọn. Táyà ń mì lórí wọn bí ẹni ń lọ ata.

Lókè pátápátá, ní mítà 599, àlàfo kan wà láàrin òkè méjì, Cribyn lápá òsì, Fan y Big lápá ọ̀tún. Atẹ́gùn ibẹ̀ kò mọ ìgbà ooru. Mo wọ ẹ̀wù òjò mi lóṣù keje, eyín mi ń gbọ̀n. Láti ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń sọ̀ lọ sí ìhà Brecon, òkúta tó tóbi tó orí ọmọ sì fọ́n ká ojú ọ̀nà. Ọkùnrin kan kọjá lára mi fìì, n kò sì mọ bó ṣe ṣe é. Èmi sọ̀ kalẹ̀, mo fà á lọ́wọ́ fún bí ìdajì máìlì.

Mo ń sọ èyí fún ọ nítorí mo mọ àwa Yorùbá. Ojú ń tì wá láti fa kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ níwájú ènìyàn. Lára àwọn tí mo mọ̀ tó ti ṣẹ́ egungun, ẹni méjì ni ojú tì kí wọ́n tó ṣubú. Lórí títì ní Wales, wọ́n ń kọ ARAF sílẹ̀ gàdàgbà níbi tó bá léwu: rọra. Mo ti fi tépù funfun kọ ọ́ sára ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi.

*

*Ẹ̀gbọ́n mi, lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ mi gun kẹ̀kẹ́ gba ọ̀nà kan ní Peak District. Ọkùnrin kan tó ń mú ajá rìn jágbe mọ́ ọn pé kó sọ̀ kalẹ̀, pé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wà níbẹ̀. Ọkọ mi ní torí pé òun jẹ́ aláwọ̀ dúdú ni. Kò fẹ́ lọ mọ́, ó kàn jókòó ti tẹlifíṣọ̀n. Kí ni kí n sọ fún un?*
*Ìyàwó Oníkẹ̀kẹ́, Manchester*

Àbúrò mi, n kò sí níbẹ̀, n kò sì ní bá ọkọ rẹ jiyàn lórí ohun tí ojú rẹ̀ rí. Èmi náà mọ ìyàtọ̀ láàrin ojú tí wọ́n fi ń wo oníkẹ̀kẹ́ àti ojú tí wọ́n fi ń wo wa. Ṣùgbọ́n bi í léèrè ohun kan: ọfà wo ló wà lára òpó ní ẹnu ọ̀nà yẹn, yẹ́lò ni àbí búlúù?

Ní England àti Wales, ọ̀nà tó ní ọfà yẹ́lò, ti ẹlẹ́sẹ̀ ni. Kẹ̀kẹ́ kò ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀ àyàfi tí onílẹ̀ bá yọ̀ǹda. Ọfà búlúù ni ti ẹlẹ́ṣin, òfin ọdún 1968 kan tí wọ́n ń pè ní Countryside Act sì fún oníkẹ̀kẹ́ láyè níbẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé kó yà fún ẹlẹ́sẹ̀ àti ẹlẹ́ṣin. Lórí máàpù aláwọ̀ ọsàn tí wọ́n ń pè ní Explorer, ti Ordnance Survey, àjọ tó ń ya máàpù Britain, àwọ̀ ewé ni wọ́n fi fa àwọn méjèèjì. Ti ẹlẹ́sẹ̀ ni ìlà rẹ̀ ké kúkúrú, ti ẹlẹ́ṣin ni ìlà rẹ̀ ké gígùn. Ojú mi ti ṣì í rí. Mo ra awò ìkàwé lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Bó bá jẹ́ yẹ́lò, ọkùnrin alájá jàre lórí ọ̀nà, bó tilẹ̀ ṣìwà hù. Bó bá jẹ́ búlúù, ọkọ rẹ ló jàre, ó sì lè yọ máàpù láti fi hàn án láìgbé ohùn sókè. Èmi ti ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Obìnrin náà wo máàpù, ó wò mí, ó ní òun ti ń rìn níbẹ̀ fún ogún ọdún, òun kò mọ̀. A jọ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹlòmíràn wà tí máàpù kò ní wò ó sàn. Ìyẹn, kí ọkọ rẹ kọjá lára rẹ̀, kó máa lọ.

Kó má sì gbàgbé ibi tó ń gùn. Ní agbègbè yẹn gan-an, lórí òkè Kinder Scout, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin 1932, ọgọ́rọ̀ọ̀rún àwọn òṣìṣẹ́ láti Manchester àti Sheffield gun òkè tí àwọn ọlọ́lá ti sé mọ́ wọn. Ẹni márùn-ún ló lọ sẹ́wọ̀n nínú wọn. Àwọn aláwọ̀ funfun náà ti gbọ́ "ẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti wà níbí" rí lórí òkè yìí kan náà.

Sọ fún un kó wá ọ̀nà Cut Gate, láàrin Langsett àti àfonífojì Derwent. Ti ẹlẹ́ṣin ni, kẹ̀kẹ́ láyè níbẹ̀ dáadáa, ó kàn jẹ́ pé kó má lọ lẹ́yìn òjò ńlá, torí ilẹ̀ ẹrọ̀fọ̀ ni. Kó ra agogo. Agogo kékeré tó ń dún wọ́n-ín ṣíṣẹ́ ju "ẹ jọ̀ọ́, mo ń bọ̀" lọ. Bó bá di ọjọ́ kan tí ẹ bá lọ sí Scotland, òfin 2003 ti wọn fún oníkẹ̀kẹ́ láyè ní ibi tó pọ̀ ju ti wa lọ, níwọ̀n ìgbà tó bá ti hùwà ọmọlúwàbí.

*

*Àǹtí, ìgbà mẹ́rin ni táyà mi ti bẹ́ lóṣù yìí. Mo ń fún un ní atẹ́gùn dáadáa kí n tó jáde, ó le koránkorán. Ṣé táyà burúkú ni wọ́n tà fún mi?*
*Ẹni Ọ̀rọ̀ Sú, Bristol*

Líle tó le yẹn gan-an ni. Bàbá mi ní Raleigh kan tí ó fi ń gbé kòkó láti oko wá sílé. Bí fọganáísà bá fún un láfẹ́fẹ́ tán, bàbá mi á fi èékánná ta táyà, bí kò bá dún bí ìlù, á ní kó tún un fún. Èmi náà mú àṣà yẹn wọ igbó Wales. Ojú títì àti ẹrù ni tiẹ̀. Táyà kẹ̀kẹ́ òkè fẹ̀, ó fẹ́ kí ó rọ̀ díẹ̀ kó lè gbá òkúta mọ́ra dípò kó máa ta lórí rẹ̀. Èmi ń lo nǹkan bíi 25 lẹ́yìn, 23 níwájú, lórí òṣùwọ̀n psi. Bó o bá sanra jù mí lọ, fi díẹ̀ kún un.

Má sì dín in jù. Bí ó bá rọ̀ jù, òkúta á ká tíúùbù mọ́ irin, wàá rí ihò méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ibi tí ejò bù jẹ. Wo ihò rẹ: ọ̀kan ṣoṣo, ẹ̀gún ni, méjì, atẹ́gùn ló kéré. Bó bá jẹ́ ẹ̀gún ló ń pọ̀, yọ tíúùbù kúrò pátápátá, ní kí wọ́n bá ọ sọ ọ́ di èyí tí wọ́n ń da oje funfun sí nínú. Bí ẹ̀gún bá gún un, oje á sáré dí i kí o tó mọ̀. Owó díẹ̀ ni, ó sàn ju ìyà rẹ lọ.

*

*Kí ni ẹ máa ń gbé dání jẹ? Àwọn midinmídìn tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ wọ́n gógó.*
*Apọ́nlé, Cardiff*

Kò sídìí tó o fi máa rà wọ́n. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ̀pà sísè, ẹyin, ṣinṣíìnì nínú ọ̀rá. Mọ́ínmọ́ín ewé dára, kì í tú. Èyí tí mo ṣe sínú ọ̀rá fọ́ mọ́ àpò mi lórí ọ̀nà Penhydd ní Afan, àwọn ajá tẹ̀ lé mi dé ìsàlẹ̀. Omi lítà méjì bí oòrùn bá mú. Má mu omi odò, bó ti wù kó mọ́ gaara tó. Àgùntàn wà lókè tí o kò rí.

*

*Ọmọ mi, Ìbàdàn ni mo ti ń kọ̀wé. Ọmọkùnrin mi ń kàwé ní Swansea. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí mi, ẹrẹ̀ bò ó dé orí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun nìkan lòun fi kẹ̀kẹ́ wọ igbó. Ṣé ohun tí mo ta ilẹ̀ rán an lọ ṣe nìyẹn? Bá mi bá a wí.*
*Ìyá Ọmọ, Ìbàdàn*

Màmá, mo kúnlẹ̀ o. Ẹ kú ọmọ níbẹ̀. N kò lè bá a wí torí kẹ̀kẹ́, torí ẹnu mi kò gbà á. Ṣùgbọ́n ní ti "òun nìkan", ẹ jẹ́ ká jọ fa etí rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fọkàn balẹ̀. Igbó ibí kì í ṣe irú igbó tí ẹ ní lọ́kàn. Kò sí ẹranko tó ń pa ènìyàn jẹ, ejò olóró kan ṣoṣo ló sì wà ní gbogbo Britain, ó sì ń sá fún ènìyàn. Ohun kékeré tí mo fẹ́ kó máa wò ni eegbọn. Kó wo ẹ̀yìn orúnkún, abíyá àti ìbàdí bó bá délé. Bó bá rí i, kó fi ẹ̀mú tó ní ẹnu ṣóńṣó mú un níbi tó ti sún mọ́ awọ ara jù, kó fà á tààrà sókè, kó má fi epo tàbí iná lé e. Bí ara rẹ̀ bá wú pupa yípo bí òrùka láàrin ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó lọ bá dókítà kíá, kó sì sọ pé eegbọn jẹ òun.

Ohun mìíràn ni ìṣubú níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí. Ẹ ní kó máa fi nǹkan mẹ́ta ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Swansea kó tó jáde: ibi tó fẹ́ lọ, ọ̀nà tó fẹ́ gbà, ìgbà tó máa padà. Kì í ṣe sí yín, Màmá, ẹ má bínú. Ẹni tó lè tètè débẹ̀ ló yẹ kó mọ̀. Kó gbé fèrè dání: ẹ̀ẹ̀mẹfà láàrin ìṣẹ́jú kan, kó sinmi ìṣẹ́jú kan, kó tún fun ún. Gbogbo ẹni tó ń rin òkè níbí ló mọ̀ pé ìpè ìrànlọ́wọ́ ni. Bí fóònù bá gbà, 999 ni, kó béèrè ọlọ́pàá, lẹ́yìn náà kó béèrè Mountain Rescue, àwọn tó ń gba ènìyàn là lórí òkè. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Àfonífojì wà tí ìpè kò ní lè jáde níbẹ̀ ṣùgbọ́n tí àtẹ̀jíṣẹ́ lè jáde. Kó fi ọ̀rọ̀ náà "register" ránṣẹ́ sí 999 láti òní lọ, kí àyè lè wà fún un láti fi àtẹ̀jíṣẹ́ pè wọ́n lọ́jọ́ tí ó bá nílò wọn.

Kó má sì tíì lọ jìnnà. Gower, ilẹ̀ tó yọ sínú òkun, wà lẹ́yìn ilé rẹ̀. Ọ̀nà ẹlẹ́ṣin wà lórí òkè Cefn Bryn tí ó ti lè máa rí òkun lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ẹlẹ́sẹ̀ sì ń kọjá níbẹ̀ dáadáa nígbà ooru. Bó bá ti tọ̀ ọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kó wá mi wá sí Afan, èmi á mú un dání.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀, nítorí ìyá mi náà kò mọ̀ ọ́n, ó sì dá wàhálà sílẹ̀ fún wa. Nígbà ooru, aago ibí àti ti Ìbàdàn dọ́gba. Ṣùgbọ́n oòrùn kò dọ́gba. Bí ilẹ̀ bá ṣú lọ́dọ̀ yín láago méje, tí ẹ tan iná, tí ọkàn yín bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sókè, oòrùn ṣì wà lórí ọmọ yín gbọ̀nrangandan. Nínú oṣù kẹfà, ó di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ kó tó wọ̀. Ẹ má pè é láago méje. Ó lè jẹ́ pé ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkúta ní wákàtí yẹn, fóònù á wá máa dún lápò rẹ̀, á mọ̀ pé ẹ̀yin ni, á fẹ́ fi ọwọ́ kan gbé e. Ẹ dúró di aago mẹ́wàá.